Oògùn Owó Inú Sinimá: Kí Ni Ó Ń Gbìn Sí Wa Lọ́kàn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe bóyá ó yẹ kí Mùsùlùmí máa wo sinimá tàbí kò yẹ. Àwọn àgbà àlùfáà ti sọ tiwọn lórí èyí, wọn yóò sì tún máa sọ ọ́. Ohun tí ó wà níwájú wa ni pé à ń wò ó. Ìyá tí ń ta aṣọ ń wò ó lórí fóònù nígbà tí ọjà bá dákẹ́. Àwọn ọmọ ń wò ó nílé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Sinimá Yorùbá tí à ń fi owó ra láyé kásẹ́ẹ̀tì ti wà lórí YouTube nísinsìnyí; ẹni tí ó bá ti ní dátà ti rí i wò. Ìbéèrè wa ni èyí: nígbà tí sinimá bá parí, tí a sì pa fóònù, kí ni ó ṣẹ́kù sínú ọkàn wa?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Wọn yóò ní, "Eré ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n pa níbẹ̀ ti dìde, ó ti lọ jẹun." Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, a ó sì fi ẹ̀rí gbè é.

ÌTÀN KÌ Í ṢE OHUN KÉKERÉ

Àwa tí a ti ka ìgbésí ayé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) mọ orúkọ Nadru ọmọ Hárísì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Mẹ́kà. Ọkùnrin yìí ti dé ìlú Híírà, ó sì ti kọ́ ìtàn àwọn ọba Páṣíà níbẹ̀, ìtàn Rústúmù àti Isfandiyáárù. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá ti wáàsí tán, tí ó sì dìde kúrò láàárín àwọn ènìyàn, Nadru a jókòó sí àyè rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn tirẹ̀ fún wọn. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe iyàn ni ó ń jà níbẹ̀. Ìtàn ni ó ń pa. Ó mọ̀ pé ẹni tí ìtàn bá ti gbé lọ kò tún rántí ohun tí ó gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó túmọ̀ Àlùkùránì ni ó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Súúrà Lùkúmáánù.

Ọlọ́run Ọba pẹ̀lú sì fi odindi Súúrà kan sọ ìtàn Ànábì Yúsúfù fún wa. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ìdájọ́ kan nínú ẹ̀sìn mọ bí wọ́n ṣe ju Yúsúfù sínú kànga. Nítorí náà, bí ọ̀bẹ ni ìtàn rí: ó ń gé iṣu, ó sì ń gé ọwọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní ọdún 1915, aláwọ̀ funfun kan tí ń jẹ́ D. W. Griffith ṣe sinimá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní The Birth of a Nation. Ìtàn àròsọ ni. Inú ìwé àròsọ Thomas Dixon ni wọ́n ti mú un. Nínú rẹ̀, wọ́n fi ènìyàn dúdú hàn bí ẹhànnà tí ń lé obìnrin aláwọ̀ funfun kiri. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ipò ènìyàn dúdú yìí sì jẹ́ aláwọ̀ funfun tí ó kun ojú ní dúdú. Ní ìdàkejì, wọ́n fi ẹgbẹ́ apànìyàn Ku Klux Klan hàn bí olùgbàlà tí ń gun ẹṣin bọ̀. Ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, ké gbàjarè, ṣùgbọ́n èrò kò yéé wọ́ lọ wò ó.

Ẹgbẹ́ Klan ti àtijọ́ ti kú fún ohun tí ó tó ogójì ọdún. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1915 kan náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Simmons kó àwọn ènìyàn lọ sórí òkè Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta, wọ́n dáná sí àgbélébùú, wọ́n sì jí ẹgbẹ́ náà dìde. Nígbà tí sinimá náà dé Atlanta nínú oṣù Kejìlá, Simmons polówó ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú ìpolówó sinimá. Kí ọdún 1925 tó dé, mílíọ̀nù ènìyàn ti wọlé. Ohun tí ó yẹ kí ó ya wá lẹ́nu jù ni pé àgbélébùú tí wọ́n ń dáná sí yìí, ẹgbẹ́ ti àtijọ́ kò ṣe é rí. Inú ìtàn àròsọ ni ó ti jáde. Ohun tí ẹnì kan jókòó ronú kọ sínú ìwé ni ó di iná gidi níwájú ilé ènìyàn dúdú.

Àwọn olùkọ́ méjì, Ruth Peterson àti L. L. Thurstone, fẹ́ mọ ohun tí irú sinimá bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọmọdé. Wọ́n lọ sí ìlú Crystal Lake ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò ti bá ènìyàn dúdú pàdé púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ènìyàn dúdú. Wọ́n fi sinimá Griffith hàn wọ́n, wọ́n sì tún bi wọ́n. Ọkàn àwọn ọmọ náà ti yí padà sí búburú. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún wọ́n padà lọ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì hàn pé ó ju ìdajì ìyípadà náà lọ tí ó ṣì wà lọ́kàn wọn. Ní ìlú mìíràn, wọ́n fi sinimá kan tí ó sọ̀rọ̀ ará Ṣáínà ní rere han àwọn ọmọ, èrò àwọn ọmọ sì dára sí i nípa ará Ṣáínà. Ọdún 1933 ni ìwé tí ó ròyìn gbogbo èyí jáde. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé sinimá lè bàjẹ́, ó sì lè tún ṣe.

"MO MỌ̀ PÉ IRỌ́ NI"

Ẹnì kan lè sọ pé ọmọdé ni wọ́n, pé àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, Melanie Green àti Timothy Brock gbé ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìtàn kan kà, nípa alárùn ọpọlọ kan tí ó gún ọmọbìnrin kékeré pa ní ilé ìtajà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé òótọ́ ni, wọ́n sì sọ fún àwọn mìíràn pé àròsọ ni. Kò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ẹni tí ìtàn náà bá ti gbé lọ, tí ó fi gbàgbé ibi tí ó jókòó sí, èrò rẹ̀ nípa alárùn ọpọlọ ń tẹ̀lé ìtàn náà, ìbá à jẹ́ pé ó mọ̀ pé àròsọ ni. Ní ọdún 2007, Markus Appel àti Tobias Richter náà fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ há àárín ìtàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí ó kà á gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Ẹrù tí ó bá gba iwájú aṣọ́bodè kọjá, wọ́n ń tú u wò. Èyí tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, kò sẹ́ni tí ó tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn wa. Bí oníwáàsí bá dìde sọ̀rọ̀, a ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀: ta ni ó kọ́ ọ? Níbo ni ó ti rí i? Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ń lọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ pa ni ó gbà wá lọ́kàn, à ń bẹ̀rù, à ń sunkún, aṣọ́bodè ọkàn ti sùn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹrù ti wà pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, kò sì sẹ́ni tí ó tún lè sọ èyí tí ó gba ojú ọ̀nà wọlé àti èyí tí ó gba inú igbó.

Ó JẸ́, TÀBÍ KÒ JẸ́?

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní ọdún 1992, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Kenneth Nnebue gbé sinimá kan jáde ní èdè Ìgbò, Living in Bondage ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Andy kò rí ọwọ́ họrí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó. Wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ awo, ó fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣe ètùtù, owó sì dé. Lẹ́yìn náà ni òkú ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i, títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ọjà sinimá yìí tà púpọ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e ní èdè Ìgbò, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó ni ó lọ nínú òmíràn, ọmọ nínú òmíràn, ìyá tí ó bí i nínú òmíràn.

Bí ẹ bá bi àwọn tí ń ṣe irú sinimá bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní wáàsí ni àwọn ń ṣe, nítorí pé ìparí ẹni tí ó ṣe oògùn owó kì í dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìpìlẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Nínú gbogbo wọn, owó náà dé. Bí owó kò bá dé, kò sí sinimá. Nítorí náà ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ, pé "Má ṣe é." Èkejì ni èyí tí wọn kò sọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé "Ó ń jẹ́." Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti wo ogún irú rẹ̀ lè bá ìparí rẹ̀ jiyàn. Ó lè ní ẹni yẹn da èèwọ̀ ni, òun kò ní da èèwọ̀ tòun. Tàbí kí ó ní ó sàn kí òun jẹ ayé fún ọdún mẹ́wàá ju kí òun jìyà fún àádọ́rin lọ. Ṣùgbọ́n pé oògùn náà ń mú owó jáde, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ó ti gbà á bí ẹni gbà pé iná ń jó ni.

Ẹ̀yin ará, ìpànìyàn wà lóòótọ́. Gbogbo wa rántí ohun tí wọ́n rí nínú igbó Ṣọ́kà ní Ìbàdàn ní ọdún 2014. Nínú oṣù Kínní ọdún 2022, wọ́n mú àwọn ọmọdékùnrin kan ní Abẹ́òkúta pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan nítorí oògùn owó, àwọn ọlọ́pàá sì ròyìn pé ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Owó náà ni irọ́. Kò sí orí ènìyàn tí ń pọ náírà. Ilé ìtẹ̀wé ìjọba ni náírà ti ń jáde, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn.

A kò sọ pé sinimá ni ó pa ọmọbìnrin náà. Ọmọ tí ó ní orí Facebook ni òun ti kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kò sì sọ pé sinimá ni ó dá ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀, nítorí pé àwọn bàbá wa ti ń sọ ìtàn oògùn owó kí a tó bí sinimá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é kiri ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ó ń jẹ́. Ìtàn àtijọ́ jẹ́ ohun tí à ń gbọ́ létí; sinimá fi ojú hàn wá, àwọn àgbà sì ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Irúgbìn ti wà nílẹ̀, sinimá ni ó ń bu omi rin ín lójoojúmọ́.

OHUN TÍ Ó Ń NÁ ONÍṢÒWÒ

Ẹni tí ó rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, kí ó rántí ìlú Owerri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996. Wọ́n pa ọmọ kékeré kan ní ilé ìtura kan níbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n dá kò mọ níwọ̀n sí ilé ìtura náà. Wọ́n ń sun ilé àti dúkìá àwọn olówó tí wọ́n fura sí pé ibi bẹ́ẹ̀ ni owó wọn ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà mọ̀ pé ìfura yìí kò jìnnà sí wa. Obìnrin kan ta aṣọ fún ọdún méjìdínlógún, ó da àjọ, ó yá owó, ó san án, ó sun ọjà mọ́jú. Lọ́jọ́ tí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, bí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ náà, wọn yóò ti máa yọ̀rọ̀ ọ́ sọ pé ó ti fi í ṣe é. Ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Sinimá kò ní wákàtí tí yóò fi fi ọdún méjìdínlógún ìṣírò owó hàn wá. Ó ń fo láti inú ilé kan oníyàrá kan bọ́ sínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni. Ẹni tí kò rí àárín rẹ̀ yóò gbà pé kò sí àárín. Bí ìlú bá sì ti gbà pé kò sí owó tí ó mọ́, a jẹ́ pé oníṣòwò olóòótọ́ àti apànìyàn ti di ọ̀kan náà lójú wọn.

ÀWA ALÁÀFÁÀ NÍ TIWA

Inú máa ń bí wa nígbà tí eléré bá wé láwàní, tí ó gbé tẹ̀súbáà lọ́wọ́, tí ó sì ń fún ènìyàn ní oògùn owó nínú sinimá. Ó yẹ kí ó bí wa. Ẹni tí kò gbé ẹ̀gbẹ́ Mùsùlùmí rí yóò rò pé ohun tí à ń kọ́ ní ilé-kéú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó ju òkò, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Àwọn kan wà tí ń wé láwàní lóòótọ́, tí ń polówó oògùn owó lórí rédíò àti lórí fóònù lóòótọ́. Ẹbọ ni, jìbìtì sì ni. Ẹni tí ó mọ oògùn tí ń mú mílíọ̀nù jáde, kí ni ó ń tọrọ owó àgbò lọ́wọ́ yín fún? Àwọn Lemọ́mù àti ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláásí gbọdọ̀ sọ èyí ní gbangba lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Bí a bá dákẹ́ lórí ayédèrú, a kò ní ẹnu tí a ó fi bá eléré wí.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìjọba ti sa ipá díẹ̀. Ní ọdún 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá jíròrò lórí ìpànìyàn yìí, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sinimá wò bojú tó o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà kéde ìlànà tuntun tí ó lòdì sí kí wọ́n máa ṣe oògùn owó àti ìpànìyàn lẹ́wà nínú sinimá. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin lè gé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àwòrán. Kò rọrùn fún un láti gé ìgbàgbọ́. Sinimá tí oògùn owó ti jẹ́, tí oníṣẹ́ ibi sì ya wèrè níparí, ó ti tẹ́ wáàsí lọ́rùn, síbẹ̀ ó ti gbin ohun tí ó gbìn.

Ohun tí a ń bẹ̀ àwọn eléré wa ni pé kí wọ́n tún ìpìlẹ̀ náà ṣe. Ẹ ṣe sinimá tí ọ̀daràn ti ṣe ohun gbogbo tí wọ́n ní kí ó ṣe, tí owó kò sì dé. Ẹ fi hàn wá pé "bàbá" tí ó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó là nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi àárín tí ẹ máa ń fò hàn wá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé irú rẹ̀ kò lè wọ ènìyàn lára. Wọ́n ti dán an wò níhìn-ín, ní ilẹ̀ Yorùbá. Abhijit Banerjee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eré MTV Shuga, èyí tí wọ́n yà ní Èkó, han àwọn ọ̀dọ́ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọgọ́rin ibi ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ìwádìí náà sì tó bíi 5,000. Eré nípa ìfẹ́ ọ̀dọ́ ni, àrùn HIV sì wà nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019: lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́jọ, iye àwọn tí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àwọn tí wọ́n fi eré mìíràn hàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣègùn ti fi ń kéde, eré díẹ̀ ni ó mú wọn dìde lọ.

Ní tiwa nílé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa dá nìkan wò ó. Bí sinimá bá parí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: kí ni wọ́n ní kí a ṣe tàbí kí a má ṣe? Èkejì: kí ni wọ́n fi hàn wá bí òótọ́ láìsọ ọ́? Ẹ̀kẹta: ta ni ó rí i rí láyé, ẹ̀rí wo ni ó sì wà? Ìbéèrè kejì ni ó ń jí aṣọ́bodè. Ọlọ́run ti pàṣẹ fún wa nínú Súúrà Hujuráàtì pé kí a wádìí ìròyìn tí aláìṣòótọ́ bá mú wá. Ìròyìn tí ó wọ ẹ̀wù eré kò jáde kúrò nínú àṣẹ náà. Kí àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jíròrò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ máa sọ ìtàn bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín: iye tí ẹ fi dá òwò, ọdún tí ẹ pàdánù, ẹni tí ó dúró fún yín. Ìtàn ni ó wọ ọkàn wọn, ìtàn náà ni yóò lé e jáde.

Kí Ọlọ́run fi òótọ́ hàn wá ní òótọ́, kí ó sì fi irọ́ hàn wá ní irọ́. Kí ó bùkún òwò wa, kí ó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.